Aṣọ Tábìlì Mímọ́ àti Rélùwéè Ẹ̀pà

Òórùn èédú tó jóná, tí wọ́n wá da omi sí, ni mo fi ń rántí Ìfọ́. Bí o bá ti gbé ẹ̀bá ojú irin rí nígbà tí rélùwéè ṣì ń jẹ èédú, o ó mọ òórùn tí mò ń wí. Ó máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, a sì jókòó sínú aṣọ, sínú ibùsùn, àní sínú omi mímu. Láàárọ̀, òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé a wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní téṣàn rélùwéè, ilé tí wọ́n fún un kò sì jìnnà sí ojú irin ju ibi tí ènìyàn lè ju òkúta dé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀ ní ìyàwó, mo fọ aṣọ funfun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ni kò mọ́. Òkè ni ìdọ̀tí náà ti ń wá.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ilé-ìwé gíga ní Abẹ́òkúta, n kò sì mọ ẹnì kankan ní Ìfọ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ kan bá tó, n kì í lo méjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orí bẹ́ńṣì ìkẹyìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni mo máa ń jókòó sí, bí wọ́n bá sì ti ń ṣe àmín tó kẹ́yìn ni mo ti wà lójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Irọ́ ni. Bí ọkọ mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí tí n ó máa wo àwọn èrò inú rélùwéè, kí n lè rí nǹkan sọ fún un tó bá dé.

Ìjọ wa pín àwọn ènìyàn sí kíláàsì kéékèèké, bí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n ń pàdé ní ilé ọ̀kan nínú wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń pọn omi, àwọn kan ń bẹ aláìsàn wò. Obìnrin kan tó ń ta epo pupa ló jẹ́ olórí ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Kíláàsì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ohùn rẹ̀ tóbi, ẹ kò sì ní rí àmì epo lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi láéláé. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kan.

"Ìyàwó téṣàn, o máa ń sáré jáde bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná. Kí ló wà lórí iná?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní kò sí nǹkan kan, mà.

"Ó dáa. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí iná, wá sí ilé mi ní Ọjọ́rú."

Bí mo ṣe wọ kíláàsì nìyẹn. Lẹ́yìn Bíbélì kíkà, Ìyá Kíláàsì máa ń béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo ni ọkàn wa ṣe wà. Obìnrin onígaàrí kan wà láàárín wa, aláwàdà ni, ó ju mi lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Òun a dáhùn pé ọkàn òun dà bí gaàrí tí kò tíì gbẹ, kí wọ́n ṣì máa rọra yan án. Bí ó bá kàn mí, n ó ní, "Ó wà dáadáa, mà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo ní, "Ó dá wà, mà." Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ orin. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, onígaàrí gbé asẹ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára fún gaàrí sísẹ́. Atẹ́gùn wo? Èéfín ni gbogbo rẹ̀. Ó jókòó títí di ọ̀sán.

Iṣẹ́ kíláàsì tiwa ni fífọ aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì mímọ́ fún Oúnjẹ Olúwa. Ìlànà sì wà fún un. Láti ìgbà tí aṣọ bá ti kan omi títí tí a ó fi ṣàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Omi àkọ́kọ́ kì í lọ sí gọ́tà. Kòtò kékeré kan wà nídìí igi ọsàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi òkúta pẹlẹbẹ dé, ibẹ̀ ni a ń dà á sí, nítorí pé èérún àkàrà tàbí ẹ̀kán wáìnì lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé aṣọ náà ní tútù, nínú ọpọ́n tí a fi aṣọ mìíràn bò, la ọjà kọjá, dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kíláàsì ní òdìkejì ìlú, níbi tí èéfín rélùwéè kì í dé. Orí koríko ni a ń sá a sí, kì í ṣe orí okùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi dání, tí a wà láàárọ̀ kùtùkùtù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí omi nìkan ń dún, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó jọ pé wọ́n ti rí iṣẹ́ kan tí ìdákẹ́jẹ́ mi wúlò fún.

O ní láti mọ̀ pé a kò ní alùfáà tiwa. Kátíkíìsì ló ń ṣe ìsìn fún wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni alùfáà ń wọ rélùwéè wá láti Abẹ́òkúta láti fún wa ní Oúnjẹ Olúwa. Ó le. Wọ́n ní ó dé abúlé kan rí, tí wọ́n tẹ́ aṣọ tó ní àbàwọ́n fún un, ló bá kó ife rẹ̀ padà sínú àpótí, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìṣe nǹkan kan. Aṣọ kan ṣoṣo ni àwa náà ní tó ṣeé tẹ́. Ìkejì rẹ̀ ti gbó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà, Ìyá Mówé la ń pè é, tó ń tìtorí ọjọ́ náà wá láti Mówé. Títì ńlá tó kọjá níbẹ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. Oko ni Mówé, oko ni Ìbàfò. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn, yóò wọ lọ́rì díẹ̀, yóò gba Ọ̀fàdà, yóò sì dé sí ilé Ìyá Kíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú ìrẹsì nínú àpò. Wọ́n kà á mọ́ kíláàsì wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta la ń rí i. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò kò jẹ́ kó wá nígbà tí alùfáà dé kẹ́yìn, nítorí náà oṣù mẹ́fà ti kọjá tí kò jẹ Oúnjẹ Olúwa. Nígbà tí mo lọ kí i lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Oúnjẹ Olúwa tó kàn, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó yí wọn padà, ó wò wọ́n bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà.

"Wọ́n ní ìwọ ló máa fọ aṣọ lọ́la," ó wí. "Fọ̀ ọ́ dáadáa o, ọmọ mi. N kò mọ̀ bóyá orúnkún yìí á tún gbé mi wá."

Orúnkún Ìyá Kíláàsì náà ti wú, kò lè tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀. Èmi àti onígaàrí ló rán. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju méjì lọ: "Ẹ fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e wá síbí."

A fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. A da omi àkọ́kọ́ sídìí ọsàn, a ṣàn án lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Oòrùn ti ń ràn. Ọjọ́ ọjà ni, láti ibi tí a wà ni mo ti ń rí eruku tí àwọn lọ́rì ń tú, tí gbogbo ọ̀nà pọ́n. Mo wo koríko tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ́, ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lórí rẹ̀. Ojú irin wà lẹ́yìn ọgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti da ìwé àkókò rélùwéè tó wà lọ́wọ́ ọkọ mi kọ, mo sì ti há a sórí. Ti àárọ̀ ti kọjá. Òmíràn kò sí títí di ọ̀sán.

"Ẹ jẹ́ ká sá a síbí," mo wí.

"Ìyá Kíláàsì ní ká gbé e wá."

"Eruku ọjà á bà á jẹ́ ká tó débẹ̀. Rélùwéè kankan ò ní kọjá títí dọ̀sán. Ó wà nínú ìwé."

Onígaàrí wò mí. "Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé òun náà ló ń wa ọkọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi di etí aṣọ kejì mú. A tẹ́ ẹ. Ó dára lójú lórí koríko yẹn.

Aṣọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà tí mo gbọ́ fèrè. Ìwé tí mo há sórí, ti ọkọ̀ èrò nìkan ni. Àwọn ọkọ̀ gígùn tó ń kó ẹ̀pà láti òkè Ọya lọ sí Èkó kò sí nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀pà bá kún ni wọ́n ń dé. Ọkọ mi mọ̀. Àwọn ọmọdé Ìfọ́ mọ̀. Èmi ni mo mọ ìwé. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ńlá, ó ń mí gúlegúle, atẹ́gùn sì gbá èéfín rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa tààrà. Kí a tó dé ìdí aṣọ, ó ti rọ̀ sórí rẹ̀ bí ìyèré lílọ̀. Èérún dúdú kan tóbi ju ìyókù lọ, nítòsí etí kan. Mo fi ọwọ́ tútù nù ún. Ó fà gùn bí ìrù.

"Dá ọwọ́ dúró!" onígaàrí wí, ṣùgbọ́n mo ti nù ún lẹ́ẹ̀kejì.

A dúró ti aṣọ náà títí ọkọ̀ fi kọjá tán. Ó ní, "Ó jọ pé ẹni tó ń wa eléyìí kò ka ìwé rẹ." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì.

N ó sọ òótọ́ fún ọ. Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀. Mo ti ń fojú wọn ọ̀nà náà, mo ti ń rò ó bí n ó ṣe ti ilẹ̀kùn, tí n kò ní lọ sí kíláàsì mọ́, tí n ó padà sórí bẹ́ńṣì ìkẹyìn tàbí kí n má tilẹ̀ lọ rárá. Ìyá àgbà tó rìn láti Mówé ni n kò lè wò lójú. Bí alùfáà bá kó ife rẹ̀ padà, èmi ni mo gba oúnjẹ náà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó dá mi dúró kéré. Onígaàrí ti gbé aṣọ náà sínú ọpọ́n láìká a, ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ọpọ́n kan mú, ó ní, "Di ẹ̀gbẹ́ kejì mú." Mo dì í mú. A la ọjà kọjá.

Nígbà tí a dé, Ìyá Kíláàsì na ẹsẹ̀ sórí ẹní, Ìyá Mówé jókòó tì í, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni, kì í ṣe onígaàrí. Ìyá Kíláàsì ṣí aṣọ wò.

"Mo ní kí ẹ gbé e wá síbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ ni, mà."

Ìyá Mówé kò gbé ojú kúrò lórí ìrẹsì. Ó ní, "Àwọn ọ̀gá rélùwéè tó ń wọ funfun, ta ló ń fọ aṣọ wọn?"

"Alágbàfọ̀ kan tó wà nítòsí téṣàn ni," Ìyá Kíláàsì dáhùn. "Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni, mà. Aṣọ tábìlì mímọ́ sì nìyí."

"N kò béèrè ibi tó ti ń kírun. Ṣé aṣọ wọn ń mọ́?"

Onígaàrí ló lọ pè é. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó tó ẹni ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá, ó na ọwọ́ sí aṣọ, àfi bí ẹni pé nǹkan kan sọ sí i létí, ó fa ọwọ́ padà. "Ṣé èyí tí ẹ fi ń sin Ọlọ́run nìyí?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ bùn mi lómi, kí n ṣe àlùwàlá ná." Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu, ó fọ ojú àti ẹsẹ̀, ní ìfarabalẹ̀, bí ẹni tí rélùwéè kankan kò lè kán lójú. Mo rí i tí Ìyá Kíláàsì ń wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí aṣọ gbẹ pátápátá ná. "Èéfín ò fẹ́ omi, kò fẹ́ ọwọ́. Tí ẹ bá fi omi bá a jà, inú aṣọ ló máa sá sí." Ìka rẹ̀ dúró lórí ìrù dúdú náà. "Ta ló fọwọ́ pa eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ìyàwó akọ̀wé? Ẹ ní ìwé, ẹ ò ní sùúrù."

Ó béèrè láfún gbígbẹ. Ó bù ú sórí aṣọ bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó dúró, lẹ́yìn náà àwa mẹ́rin, àwa obìnrin mẹ́ta àti òun, di igun kọ̀ọ̀kan mú, a gbọ̀n ọ́n. Láfún náà já bọ́ ní dúdú. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni a ṣe é. Ìyá Kíláàsì tí kò lè dìde jókòó di igun tirẹ̀ mú. Onígaàrí ní èéfín ti jẹ láfún ilé yìí yó lónìí, kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún un. Ìyá Mówé nìkan ni kò bá wa dì í mú, ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló tó di ọṣẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn. Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo èyí tó rọ̀ láti òkè ti lọ. Èyí tí ọwọ́ mi pa ló kù, ó ti ṣá, ó sì kéré, kò ju ojú àtàǹpàkò lọ. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ náà. "Èyí á bá aṣọ gbó," ó wí. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni Ìyá Mówé dì fún un mú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwa obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí Ìyá Kíláàsì ń fi ọ̀pá rìn, la gbé aṣọ náà lọ bá alùfáà nínú yàrá kékeré tó ti ń múra. Ó ṣí i sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ láti etí dé etí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà.

"Ta ló fọ aṣọ yìí?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ẹnu mi ti là nígbà tí Ìyá Kíláàsì dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Àwa ni, sà." Onígaàrí ní, "Àwa ni." Ìyá Mówé, tí kò fi ìka kan omi ọ̀hún, ní, "Àwa ni o, ọmọ mi."

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kàn mí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Àwa ni, sà," mo wí.

Ó ká aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ síbi tábìlì mímọ́, a sì tẹ̀ lé e. A rí i tó tẹ́ ẹ, tó tún gbé e kúrò, tó yí i po, tó tún un tẹ́, tí àbàwọ́n náà fi wà ní ìhà ọ̀dọ̀ tirẹ̀, níbi tó máa dúró sí. Láti ibi tí ìjọ jókòó, funfun ni gbogbo rẹ̀. Òun nìkan ló ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. N kò jókòó sórí bẹ́ńṣì ìkẹyìn lọ́jọ́ náà. Mo wà lẹ́yìn Ìyá Mówé nígbà tó kúnlẹ̀, mo sì di apá rẹ̀ mú nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ gbé e dìde.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún Ìyá Kíláàsì, pé Ìyá Mówé kò fọwọ́ kan aṣọ náà, mà, kò bá wa fọ̀ ọ́. Ó ní, "Kíláàsì ló fọ̀ ọ́. Àbí kò sí nínú kíláàsì ni?" Mo ronú sí i títí mo fi délé. Èmi tí mo fẹ́ràn kí nǹkan bá ara mu, n kò rí àṣìṣe kankan nínú ìdáhùn náà.

Ìyá Mówé tún wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ó sùn. Rélùwéè ti fi èédú sílẹ̀ tipẹ́. Ìbàfò ni mò ń gbé báyìí, ariwo ọkọ̀ orí títì kò sì jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ fèrè kankan. Mo ṣì ń wọn nǹkan, mo ṣì ń há àkókò sórí, ọjọ́ orí kò gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Èmi náà ti di olórí kíláàsì. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó kékeré kan nínú wa fi áyọ́ọ̀nù jó etí aṣọ tábìlì mímọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ọpọ́n wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń fojú wọn ọ̀nà ilé. N kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di etí ọpọ́n kan mú, mo sì dúró dè é kó di ìkejì mú.